Èwo ni kí ẹ fi ṣa sẹ́ẹ̀lì: ẹ̀mú ìmọ́lẹ̀, asẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ FACS tàbí òòfà?

Àbúrò mi kan tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ tẹ àtẹ̀ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá wa ní kí n lọ wá ẹ̀rọ tí a ó fi máa ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀. Mo kà nípa ẹ̀mú ìmọ́lẹ̀, ó sì wù mí gan-an. Ṣé kí a kúkú rà á?" Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun méjì ni mo bi í: sẹ́ẹ̀lì mélòó lẹ fẹ́ yọ, kí sì lẹ ó fi dá a mọ̀ nígbà tí ẹ bá rí i? Títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, kò tíì fèsì.

Ẹni tó bá ti jókòó ti àtẹ ẹ̀wà rí mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀nà tí à ń gbà tún ẹ̀wà ṣe kì í ṣe ẹyọ kan. À ń fẹ́ ẹ kí èèpo bá afẹ́fẹ́ lọ, à ń jọ̀ ọ́ kí iyẹ̀pẹ̀ jábọ́, lẹ́yìn náà la ó wá tẹjú mọ́ àtẹ, ká fi ìka méjì ṣa òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń fi ìka ṣa èèpo inú odidi àpò ẹ̀wà. Kò sì sí ajọ̀ tó lè yọ òkúta tó ṣe déédéé ẹ̀wà. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín, ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yẹn ni wọ́n ń ṣe. Èyí tó wu àbúrò mi yẹn, ìka méjì ni.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń mú nǹkan?

Ìmọ́lẹ̀ ń ti ohun tó bá lù. James Clerk Maxwell, onímọ̀ físíìsì, ti ṣírò rẹ̀ láti 1873. Ìdí tí a kì í fi í mọ̀ ọ́n lára ni pé agbára rẹ̀ kéré jọjọ: bí ohun dúdú kan bá gbé ìmọ́lẹ̀ wọ́ọ̀tì kan mì pátápátá, agbára tó fi tì í kò ju nánóníútọ̀nù 3.3 lọ (níútọ̀nù la fi ń wọn agbára, nánóníútọ̀nù sì jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù rẹ̀). Lára èèyàn, ìyẹn kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 8, nígbà tó jẹ́ pé máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan. Tó bá wà nínú omi, kò wúwo ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá píkóníútọ̀nù lọ, píkóníútọ̀nù 1,000 ló sì ń bẹ nínú nánóníútọ̀nù kan. Fún irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, lésà kékeré pàápàá ìjì ni.

Ní 1970, Arthur Ashkin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, tan lésà sí ìlẹ̀kẹ̀ ike wíńníwíńní inú omi. Lésà tì wọ́n síwájú bó ṣe rò. Ohun tí kò rò ni pé àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó wà létí ìtànṣán náà ń sún wọ àárín rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá. Bó ṣe ń darí ìmọ́lẹ̀ sápá kan, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń ti òun náà sí òdìkejì, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù ló sì máa ń já sí. Ní 1986, òun pẹ̀lú Joseph Dziedzic, John Bjorkholm àti Steven Chu fi awò máíkírósíkóòpù kó ìtànṣán kan ṣoṣo jọ sójú kan bíńtín. Ojú bíńtín yẹn gbá ìlẹ̀kẹ̀ mú pinpin, kò jẹ́ kó lọ síwájú, kò jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ohun tí mò ń pè ní ẹ̀mú ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ni mo ní lọ́kàn: ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ló ń bá alágbẹ̀dẹ dì mú. Wọ́n fún Ashkin ní ẹ̀bùn Nobel ní 2018, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 96.

Ẹni tó ń yan ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ fo ibi tó kàn yìí. Ohun tó bá ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju omi lọ nìkan ni ẹ̀mú lè mú, bó bá sì ṣe ju omi lọ tó ni ìdìmú rẹ̀ ń le tó. Òǹkà tí wọ́n fi ń wọn títẹ̀ yìí jẹ́ 1.33 fún omi, nǹkan bíi 1.45 fún ìlẹ̀kẹ̀ sílíkà, àti 1.59 fún ìlẹ̀kẹ̀ ike pọlisitáírínì. Ti sẹ́ẹ̀lì máa ń wà láàárín 1.36 sí 1.40. Ẹ yọ ti omi kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé ike ní 0.26, sílíkà ní 0.12, sẹ́ẹ̀lì ò sì ní ju 0.03 sí 0.07 lọ. Ìdí nìyẹn tí fídíò ìlẹ̀kẹ̀ tó ń jó nínú lésà fi máa ń dùn-ún wò, tí sẹ́ẹ̀lì yín á sì máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ irú lésà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò àkókò

Fún sẹ́ẹ̀lì, omi kì í ṣe omi, oyin ni. Láti wọ́ sẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 10 gba inú omi, kó lè rin máíkírọ́ọ̀nù 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tó tó píkóníútọ̀nù 9 la nílò. Ẹ̀mú tó dáa lè ṣe é. Ìyẹn ni pé ìrìn mìlímítà kan á gba ìṣẹ́jú àáyá 10.

Tó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 1,000 lẹ fẹ́ wọ́ bẹ́ẹ̀, ó di wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 47, láì jẹ, láì mu, láì wá èyí tó kàn. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, ó lé ní ọjọ́ 115, tọ̀sán tòru. Àwọn kan máa ń pín lésà kan sí ẹ̀mú ogún kí ó lè yá. Ẹ pín ọjọ́ yẹn sí ogún, ó ṣì kù díẹ̀ kó pé ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀rọ FACS (ẹ̀rọ tó ń fi àwọ̀ títàn ṣa sẹ́ẹ̀lì) tó ń yẹ sẹ́ẹ̀lì 10,000 wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan á parí mílíọ̀nù kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 100. Tíì yín ò ní tíì tutù.

Mo kọ ìṣirò yìí síwájú ohun gbogbo nítorí pé mo ti rí àwọn tó fi owó ìwádìí ọdún mẹ́ta ra ẹ̀mú, tí wọ́n wá ń bi í léèrè iṣẹ́ ajọ̀.

FACS: ìmọ́lẹ̀ ń wò, iná ló ń tì

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ pé lésà wà nínú FACS, wọ́n rò pé lésà ló ń ti sẹ́ẹ̀lì. Rárá o. Ojú ni lésà ibẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Wọ́n á so àwọ̀ tó ń tàn mọ́ áńtíbọ́dì (èròjà tí ara fi ń dá ohun àjèjì mọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó), áńtíbọ́dì á lọ lẹ̀ mọ́ irú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń wá, gbogbo sẹ́ẹ̀lì á sì tò lẹ́sẹẹsẹ gba iwájú lésà kọjá. Bí omi ṣe ń jáde lẹ́nu ihò, á máa já sí ẹ̀kán. Ẹ̀kán tó bá gbé ẹni tí à ń wá sínú á gba iná mànàmáná sára, irin méjì tó dojú kọra wọn nísàlẹ̀ á sì fà á sápá ọ̀tún tàbí òsì bó ṣe ń jábọ́ sínú ìgò. Mack Fulwyler ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní Los Alamos ní 1965, ó yá ọgbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń tu tàdáwà ní ẹ̀kán. Leonard Herzenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford ló fi àwọ̀ títàn kún un lẹ́yìn náà. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka CD4 (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń gbógun ti àrùn) fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú HIV nílé ìwòsàn wa, ọmọ ìyá FACS ni. Ó ń kà, kì í yà.

Agbára FACS pọ̀ débi tó fi ń ya àtọ̀ màlúù. Àtọ̀ tó gbé X, èyí tó ń bí abo, ní DNA tó fi nǹkan bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju èyí tó gbé Y lọ. Wọ́n á fi àwọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ DNA kùn wọ́n, FACS á rí ìyàtọ̀ kékeré yẹn, olóko tó fẹ́ abo á sì rí abo rà. Ẹ̀mú lè mú àtọ̀ náà, wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó ti àtọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan?

Àpẹẹrẹ kan wà tó sún mọ́ wa ju ti màlúù lọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ HapMap, ìwádìí tí wọ́n fi ń wá ìyàtọ̀ inú DNA àwọn èèyàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn, wọ́n sì sọ sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ di ìran sẹ́ẹ̀lì tí kì í tán. Coriell Institute ní Camden, New Jersey, ló ń tọ́jú wọn títí dòní, yàrá ìwádìí káàkiri ayé ló sì ń lò wọ́n. (Ó máa ń ṣe mí bákan láti rò ó pé ẹ̀jẹ̀ ará Ìbàdàn kan lè wà lórí tábìlì ní Tokyo.) Ẹni tó bá gba ìgò kan lè sìn ín di ọ̀kẹ́ àìmọye mílíọ̀nù láìpẹ́. Fún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, tó pọ̀, tó ní áńtíbọ́dì tó mọ̀ ọ́n, ẹ má tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀mú.

Ibo wá ni FACS ti ń já èèyàn kulẹ̀? Ó kọ́kọ́ nílò kí ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ sì ní àwọ̀ fún un. Èkejì, ihò rẹ̀ kéré. Àwọn tó ń lò ó máa ń sọ pé kí ihò fẹ̀ ju sẹ́ẹ̀lì lọ ní ìlọ́po márùn-ún ó kéré tán; nítorí náà ihò máíkírọ́ọ̀nù 70 dáa fún sẹ́ẹ̀lì tí kò ju 14 lọ. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó dàgbà, tí gígùn rẹ̀ lè kọjá máíkírọ́ọ̀nù 100, á ya mọ́ ibẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: bí sẹ́ẹ̀lì yín bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì péré, ẹ máa pàdánù púpọ̀ nínú wọn sínú ọ̀pá rọ́bà àti ìṣàn kí ẹ̀rọ tó gbára dì. FACS fẹ́ ọ̀pọ̀. Ẹ tún fi kún un pé owó rẹ̀ tó kọ́ ilé, ó fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú, ó sì fẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tọ́jú rẹ̀ lọ.

Òòfà

Ọ̀rọ̀ òòfà kò gùn. Ẹ ó lẹ áńtíbọ́dì mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ onírin kékeré, ẹ ó dà á pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, ẹ ó gbé òòfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, ohun tó bá lẹ̀ á dúró, ẹ ó da ìyókù nù. John Ugelstad ní Trondheim ní Norway ló ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tó dọ́gba délẹ̀ tí irú iṣẹ́ yìí gbára lé. Stefan Miltenyi ní Jámánì wá fi irin tó kéré sí i gan-an, bíi nánómítà 50 (nánómítà 1,000 ló wà nínú máíkírọ́ọ̀nù kan), ṣe tirẹ̀ ní 1990. Kò fẹ́ lésà, òmíràn kò tilẹ̀ fẹ́ iná rárá. Àbùkù rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló mọ̀: kò lè sọ fún yín pé èyí tàn díẹ̀, èyí tàn gan-an. Yàrá ìwádìí tó bá wà níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Mi ò ní ṣe àríyànjiyàn lórí ìyẹn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti àwọn tó wà láàárín

Níhìn-ín ni ìmọ́lẹ̀ ti ń tì lóòótọ́, tí sẹ́ẹ̀lì sì tún ń ṣàn, kì í dúró dè wá.

Ní 2003, Michael MacDonald, Gabriel Spalding àti Kishan Dholakia, ní Yunifásítì St Andrews ní Scotland, jẹ́ kí ìtànṣán lésà mélòó kan pàdé ara wọn nínú omi. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ìmọ́lẹ̀ tò bí ọgbà aláwọ̀n tí kò sí igi kankan nínú rẹ̀. Wọ́n wá jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ ṣàn gba inú àwọ̀n náà. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ ní agbára lé lórí gan-an á máa bá ìlà àwọ̀n lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á yà bàrá. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀ lé lórí á bá omi lọ tààrà. Wọ́n fi ya ìlẹ̀kẹ̀ ńlá kúrò lára kékeré, wọ́n tún fi ya sílíkà kúrò lára ike. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó pinnu, kò sí àwọ̀, kò sí áńtíbọ́dì. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dájọ́.

Ìmọ̀ yìí dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ tàn yín. Ẹ rántí òǹkà tí a yọ lẹ́ẹ̀kan: láàárín ike àti sílíkà, àyè ńlá wà tí asẹ́ lè dì mú. Láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti ìkejì rẹ̀, àyè náà fún pinpin. Bí ẹ bá fẹ́ ya ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ohun tí kò lẹ́mìí, ẹ gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ ya sẹ́ẹ̀lì tó jọra bí ìbejì, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níyàrá ẹlòmíràn.

Àwọn ará Kyushu ní Japan ní ọgbọ́n tó jọ ọ́. Láti 1995 ni Totaro Imasaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dojú lésà kọ omi tó ń ṣàn bọ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan á dúró níbi tí agbára ìmọ́lẹ̀ àti ti omi bá ti dọ́gba lára rẹ̀: ńlá á dúró lọ́nà jíjìn, kékeré á dúró nítòsí. Ilé iṣẹ́ LumaCyte ní Virginia ti sọ irú ọgbọ́n yìí di ẹ̀rọ tó ń ṣàyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì láìkùn ún.

Ọ̀nà kẹta ni ká fi lésà ṣe ẹlẹ́nu ọ̀nà. Ní 2005, àwọn kan ní San Diego tẹ ìròyìn jáde pé àwọn jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì HeLa (ìran sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ èèyàn tí wọ́n ń sìn níyàrá ìwádìí) máa ṣàn gba ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín sí méjì. Lésà kan ń wò wọ́n. Bó bá rí èyí tó tàn, lésà kejì á tì í díẹ̀ sọ́nà kejì. Sẹ́ẹ̀lì 20 sí 100 ni wọ́n ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 100 pín mílíọ̀nù kan: wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 47. Ó dáa ju ọjọ́ 115 lọ, kò sì tó ti FACS. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì wọn kò já bọ́ nínú ẹ̀kán, kò gba iná sára, kò fọ́n káàkiri afẹ́fẹ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú gíláàsì tí a ti pa dé. Ẹni tó ń bá kòkòrò àrùn tó léwu ṣiṣẹ́ mọ ohun tí ìyẹn já sí.

Ẹ̀mú: ibi tí kò ti ní orogún

Ní ọgbà Yellowstone ní Amẹ́ríkà, adágún omi gbígbóná kan wà tí wọ́n ń pè ní Obsidian Pool. Àwọn onímọ̀ ti ka àmì ìran kòkòrò àìfojúrí kan nínú RNA (ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó jọ DNA) tí wọ́n rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà ẹnikẹ́ni ò tíì rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Orúkọ wà, olórúkọ kò sí. Robert Huber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Regensburg ní Jámánì sin gbogbo àdàlù inú omi náà pọ̀, wọ́n wá fi àwọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ RNA yẹn nìkan kun díẹ̀ lára rẹ̀. Ohun tó tàn rí róbótó, ó so mọ́ra bí èso àjàrà. Àwọ̀ náà ti pa àwọn tí wọ́n kùn, ṣùgbọ́n ojú ti mọ ìrísí wọn. Wọ́n padà sídìí àdàlù tó ṣì wà láàyè, wọ́n ń wo inú máíkírósíkóòpù títí wọ́n fi rí irú róbótó bẹ́ẹ̀, lésà sì dì í mú.

Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ rọrùn débi tó fi ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n ti fi nǹkan ha ojú kan lára rẹ̀. Omi oúnjẹ mímọ́, tí kò sí ohun alààyè kankan nínú rẹ̀, ló kún púpọ̀ jù nínú ọ̀pá náà. Àdàlù wà lórí kan. Lésà á mú ẹyọ kan dání, wọ́n á máa rọra sún gíláàsì lábẹ́ rẹ̀ títí ẹyọ náà á fi kọjá ojú tí wọ́n ha, tó bọ́ sápá mímọ́. Wọ́n á ṣẹ́ gíláàsì níbẹ̀, wọ́n á sì da apá mímọ́ sínú ìgò oúnjẹ tuntun. Ohun tó bá hù nínú ìgò yẹn, ọmọ ẹyọ kan náà ni. Wọ́n gbé e jáde ní 1995. Ní 1998 wọ́n sọ ọ́ ní Thermosphaera aggregans. Ìgbóná 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló fẹ́ràn jù.

Ẹ wá bi ara yín: kí ni FACS ìbá ṣe níbẹ̀? Àwọ̀ tó lè dá a mọ̀ ń pa á. Òòfà ńkọ́? Kò sí áńtíbọ́dì fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Asẹ́ kò mọ èso àjàrà yàtọ̀ sí ohun mìíràn. Ojú èèyàn ló dá a mọ̀, ó sì nílò ọwọ́ tó kéré tó láti mú ohun tí ojú rí.

Ohun kejì tí ẹ̀mú ní ni pé ó lè dá sẹ́ẹ̀lì dúró kí ẹ wò ó pẹ́. Ní 2019, àwọn onímọ̀ láti Austria àti Switzerland fi omi wíwúwo (omi tí háídírójìn rẹ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ) bọ́ kòkòrò inú ìfun eku, wọ́n fi ẹ̀mú mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ka ìmọ́lẹ̀ Raman (ìmọ́lẹ̀ lésà tí àwọ̀ rẹ̀ yí díẹ̀ bó ṣe ta padà, tó ń sọ ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì) lára ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó jẹun, wọ́n sì ya àwọn tó jẹun sọ́tọ̀ láàyè. Bó bá yá jù, sẹ́ẹ̀lì 500 ni ní wákàtí kan. Lójú ẹni FACS, ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún FACS láti bi kòkòrò léèrè láìkùn ún pé, ṣé o ti jẹun?

Ohun tí ẹ̀mú ń gbà lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì

Nígbà tí Ashkin kọ́kọ́ fi lésà aláwọ̀ ewé mú bakitéríà, wọ́n kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé òun ti fi ìmọ́lẹ̀ dájọ́ ikú fún wọn. Ní 1987 ó bọ́ sí ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1064, bakitéríà àti ìwúkàrà sì ń bí sí i nínú ẹ̀mú náà. Iye yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mú ń lò títí dòní. Ìgbóná rẹ̀ kò pọ̀: sẹ́ẹ̀lì á fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i fún mílíwọ́ọ̀tì 100. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń pa á gan-an. Àwọn tó dán an wò lára E. coli, bakitéríà inú ìfun, ní 1999 rí i pé nánómítà 870 àti 930 ló burú jù, pé 830 àti 970 ló rọ̀ jù, àti pé bí wọ́n bá yọ ọ́síjìn kúrò nínú omi, ìpalára náà dín kù gan-an. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá ń polówó agbára lésà rẹ̀ fún yín, ẹ bi í léèrè nánómítà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bi í léèrè wọ́ọ̀tì.

Ẹ̀mú kò sì mọ sẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí ìdọ̀tí. Lọ́dún tí mo kọ́ ọ, mo di sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà kan mú lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kí n lọ mu omi. Ìgbà tí mo fi dé, àlejò mẹ́ta ti wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n fún mọ́ra wọn bí èrò inú dáńfó: èérún kan, kòkòrò kan, àti ohun tí mi ò mọ̀ títí dòní. Omi tí mo lò ni mi ò sẹ́. Ohunkóhun tó bá ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju omi lọ tó sì ń kọjá lọ, lésà á fà á wọlé. Láti ìgbà yẹn, kò sí omi tó wọ gíláàsì mi tí kò gba asẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 0.2 kọjá.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú yín. Ìmọ́lẹ̀ 1064 kò ṣeé rí, ìpéǹpéjú kì í sì í ṣẹ́ sí ohun tí ojú kò rí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀rọ yẹn láìwọ gíláàsì ojú tí wọ́n ṣe fún un.

Èyí tó fi àwòrán ṣiṣẹ́

Ní 2005, Pei Yu Chiou, Aaron Ohta àti Ming Wu ní Berkeley ní California rí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní máa ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Wọ́n tẹ́ sílíkọ́nì tí ìmọ́lẹ̀ ń sọ di ọ̀nà iná sábẹ́ omi. Ibi tí àwòrán bá tàn sí, iná mànàmáná á gba ibẹ̀, iná yẹn ni yóò sì ti sẹ́ẹ̀lì tàbí kó fà á. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kàn ń ṣílẹ̀kùn fún iná ni, èyí tí wọ́n lò fi ìlọ́po 100,000 dín sí ti ẹ̀mú gidi, wọ́n sì ṣe ojú ìdìmú 15,000 lẹ́ẹ̀kan náà lórí àyè tó fẹ̀ díẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Wọ́n yàwòrán òrùka yí sẹ́ẹ̀lì ká, wọ́n sún òrùka, sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e bí ẹran inú agbo. Ilé iṣẹ́ Berkeley Lights ló sọ ọ́ di ẹ̀rọ títà, àwọn tó ń wá sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe áńtíbọ́dì tó dáa ló sì ń rà á jù.

Ìṣòro tí ti àkọ́kọ́ ní ni iyọ̀. Omi oúnjẹ tí a fi ń sin sẹ́ẹ̀lì ní iyọ̀ púpọ̀, iná á máa gba inú rẹ̀ lọ dípò sílíkọ́nì. Nítorí náà, omi ṣúgà tí iyọ̀ rẹ̀ kéré ni sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì mìíràn kò sì fẹ́ràn ìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti ṣe irú sílíkọ́nì tó gba iyọ̀ mọ́ra lẹ́yìn ìgbà náà. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Èwo ni èmi á mú?

Bí sẹ́ẹ̀lì bá lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, tí àwọ̀ wà fún un, FACS, tàbí òòfà bí kò bá sí owó. Bí ó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ohun tí kò lẹ́mìí ni, asẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún sí ẹgbẹ̀rún mélòó kan, tí ẹ fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú yàrá tirẹ̀ kí ẹ máa wò ó lójoojúmọ́, ti Berkeley yẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí kò ní orúkọ, tí kò gbọdọ̀ kú, ẹ̀mú. Mo sì máa ń pa wọ́n pọ̀: òòfà á kọ́kọ́ dín èrò kù, ẹ̀mú á wá ṣa ìyókù, bí à ń ṣe jọ̀ ká tó ṣà.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí fóònù mi dún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni, bíi mílíọ̀nù márùn-ún, áńtíbọ́dì rẹ̀ sì wà nínú fíríìjì wa." Mo ní kí wọ́n lọ ra òòfà, kí wọ́n sì bẹ àwọn tó ní FACS nítòsí fún wákàtí mélòó kan lọ́sẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí bóyá òun ṣì lè wá wo ẹ̀mú tiwa lọ́jọ́ kan. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní gíláàsì ojú kan tó máa bá a mu.